Bí Irun Orí Bàbá Ràbí Ṣe Di Ẹ̀rí ní Kóòtù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti bí oṣù mélòó kan, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Lónìí, ẹ gbà mí láyè kí n rò ó fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Ẹ má pè mí ní onírọ́ o! Ká ní ẹlòmíì ló ròyìn rẹ̀ fún mi ni, màá rẹ́rìn-ín, màá sì bá tèmi lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí tipẹ́ mọ̀ pé ìwé ni mo ń tà ní Akẹ̀sán, l'Ọ́yọ̀ọ́ níbí. Ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ló ń tà jù lọ́dọ̀ mi. Ibẹ̀ ni àìsàn tó ń ṣe mí ti bẹ̀rẹ̀: mo fẹ́ràn òfin ìgbaniwọlé yunifásítì bí àwọn ẹlòmíì ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Orí fóònù ni mo ti ń kà á. Màá ka òfin, màá ka ẹjọ́ tí wọ́n pè lé òfin lórí, màá wá máa dá àwọn oníbàárà mi dúró láti ṣàlàyé fún wọn. Àwọn ará ọjà ń pè mí ní Lọ́yà Aláìníwíìgì. Mo máa ń dá wọn lóhùn!

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé òfin ilé ẹ̀kọ́ tọ́rọ̀ yìí kàn, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti wá. Wọn kì í wo máàkì nìkan kí wọ́n tó gba ọmọ sí Mẹ́díṣìn. Àwọn tí máàkì wọn ga jù lọ ní àyè tiwọn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ya àyè díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ wa. Ta wá ni ọmọ bíbí ìpínlẹ̀? Òfin wọn ní ẹni tí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ibẹ̀ ni. Bàbá o! Wọn ò dárúkọ ìyá rárá.

Ràbíátù, tí gbogbo wa ń pè ní Ràbí, ni ọmọ tí àbúrò mi bí. Sàlámátù ni àbúrò mi ń jẹ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ pọ́ńbélé ni èmi àti ẹ̀, ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì ló lọ́kọ sí. Múfútàù ọkọ rẹ̀ ń ṣe wẹ́dà, ẹni jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Jọ́ọ̀sì náà ni wọ́n bí i sí, torí bàbá rẹ̀ ti lọ ṣòwò níbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀ ṣe máa ń lọ. Ó máa ń sọ pé Ìkòyí-Ilé ni ilé àwọn, pé òun máa ń tẹ̀lé bàbá òun wá ṣọdún níbẹ̀ nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n kò mú ìyàwó rẹ̀ débẹ̀ rí.

Àìsàn ráńpẹ́ ló pa Múfútàù nígbà tí Ràbí ṣì wà ní pírámárì. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n sin ín sí, ní ìtẹ́ àwọn Mùsùlùmí. Sàlámátù sì kó ọmọ rẹ̀ wá bá mi l'Ọ́yọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ ká fo ọdún púpọ̀ kọjá. Ràbí ṣe ìdánwò àṣewọlé, ó pegedé, wọ́n sì fún un ní àyè Mẹ́díṣìn lára èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Mo jó nínú ṣọ́ọ̀bù mi! Láti kékeré lọ́mọ yìí ti ń wẹ egbò àwọn ará àdúgbò.

A ò tíì jó tán tí ìwé kóòtù fi dé. Àlááji kan tó ń ta táyà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló pe ẹjọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni máàkì rẹ̀ tẹ̀ lé ti Ràbí. Àlááji ní bàbá Ràbí kì í ṣe ọmọ ìpínlẹ̀ wa, pé ará ọ̀hún lápá Kúwárà ni, pé ẹnikẹ́ni ló lè gba ìwé ọmọ onílùú tí Ràbí gbà ní káńsù. Kóòtù ní kí ilé ẹ̀kọ́ dá àyè náà dúró títí ẹjọ́ á fi parí. Ilé ẹ̀kọ́ ní tiwọn ní àwọn ò lè sún ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ síwájú nítorí ẹnì kan. Ṣé ẹ rí i? Tí ọjọ́ yẹn bá kọjá, àyè ti lọ nìyẹn.

Lọ́yà tí a gbà ń jẹ́ Adébímpé, ọmọdébìnrin kan tó ní ọ́fíìsì lókè ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan ní Tàkíé, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo wọlé tọ̀ ọ́ pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ mi. Mo sọ fún un pé ìwé òfin ilẹ̀ wa, ní apá kejìlélógójì, kò gbà kí wọ́n fi irú ìbí ẹnì kan rẹ́ ẹ jẹ. Mo ní ìyá Ràbí jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, kí ló dé tí ìyá ò fi kà?

Ó gbọ́ mi tán, ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹjọ́ yẹn dùn, mo fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n a máa bá a dé kóòtù tó ga jù lọ ni, Ràbí á sì ti hu ewú ká tó padà wálé. Ẹ bá mi wá ẹbí bàbá ẹ̀."

"Ẹbí tá ò mọ̀ rí?"

"Bóyá àwọn mọ̀ yín."

Mo bínú díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Sátidé, èmi, Sàlámátù àti Ràbí wọ mọ́tò láti Tàkíé lọ sí Ìkòyí-Ilé. Àsìkò ọyẹ́ ni. Eruku bo gbogbo igi lẹ́bàá títì, oòrùn sì funfun bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Orúkọ agboolé nìkan ni a mọ̀, ìyẹn ilé Jagun-Ọ̀nà. A ò pe ẹnikẹ́ni ṣáájú. Ta la fẹ́ pè?

Wọ́n júwe ilé náà fún wa. Agboolé ńlá ni, ṣùgbọ́n ó dákẹ́, torí àwọn ọkùnrin wà lóko. Ìyá arúgbó kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pa ẹ̀gúsí. A kúnlẹ̀. Kí a tó la ẹnu kí i, ó ti gbójú sókè, ó sì ń wo Ràbí.

"Ẹ mà pẹ́ o," ló wí. "Ó ti sọ tipẹ́ pé ẹ máa bọ̀."

Sàlámátù wò mí. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ìyá, ẹ kú ilé o, mà. Bóyá àwọn ẹlòmíì lẹ̀ ń retí. A ò wá síbí rí."

"Ọmọ Múfú kọ́ nìyí?" Ìyá na ọwọ́ sí Ràbí. "Ẹ wo iwájú orí ẹ̀. Dìde, ọmọ mi, ẹ wọlé."

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ bá mi gbọ́ o! Mo wá ń bi ara mi léèrè pé ta ló sọ fún un? Káńsù? Lọ́yà? Mo ń wá ìdí tó mọ́gbọ́n dání kiri, bí mo ṣe máa ń ṣe.

Ìyá Àgbà, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ń pè é, ni àbúrò bàbá Múfútàù. Ó mú wa wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tó tutù. Lára ògiri lápá òsì, sàréè wà nílẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Sìmẹ́ǹtì lásán ni wọ́n fi bò wọ́n, ẹsẹ̀ sì ti dán wọn bíi gíláàsì. Ó ń fọwọ́ tọ́ka sí wọn bí a ṣe ń lọ: bàbá bàbá òun, bàbá òun, ẹ̀gbọ́n òun. Ó wá dúró níbi èyí tó kángun sí ògiri. Ó kéré. Bí èyí tí wọ́n ń gbẹ́ fún ọmọ ọwọ́ ló rí.

Sàlámátù béèrè ẹni tó wà níbẹ̀.

"Ọkọ rẹ ni."

Àbúrò mi pariwo! "Jọ́ọ̀sì ni mo sin ọkọ mi sí! Ojú mi báyìí ló ṣe!"

"Ara rẹ̀ lẹ sin sí Jọ́ọ̀sì," Ìyá Àgbà dá a lóhùn. Kò gbóhùn sókè rárá. "Irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ló wà níbí."

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀. Láyé àtijọ́, tí ọmọ ilé bá kú sẹ́yìn odi, tí wọn ò sì lè gbé òkú rẹ̀ wálé, wọ́n á gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọ́n á dì í sínú aṣọ funfun, wọ́n á gbé e wálé wá sin. Mo béèrè lọ́wọ́ Ìyá Àgbà bóyá Mùsùlùmí ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní àáfà ò fẹ́ ẹ, pé àáfà gan-an mọ̀ pé òun kì í gbọ́ tirẹ̀ lórí ìyẹn.

Èmi wá béèrè ìbéèrè kan tó jẹ́ pé, ká ní mo mọ ìdáhùn rẹ̀ ni, ǹ bá ti dákẹ́. Mo ní, "Ìyá, ta ló gbé e wá láti Jọ́ọ̀sì?"

"Òun náà ni."

Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́wàá báyìí, ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọ̀kan tó ṣáájú ààwẹ̀, gbogbo ọkùnrin ti lọ sí mọ́ṣáláṣí. Múfútàù dúró nínú oòrùn, kò fẹ́ wọlé. Wọ́n ti fá orí rẹ̀, kò sì dọ́gba, bí ẹni tí wọ́n fi ìkánjú fá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sínú apá aṣọ rẹ̀. Ìyá Àgbà bu omi fún un, ó ní òùngbẹ ò gbẹ òun. Ó sọ ìdì kékeré kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá béèrè pé irun ta nìyí? Ó ní tòun ni. Ó ní ọmọ òun obìnrin á wá béèrè òun, kí wọ́n sọ fún un pé ilé rẹ̀ nìyí.

"Mo ní kó jókòó. Ó ní mọ́tò ń dúró de òun. Mi ò gbúròó mọ́tò kankan."

Mo wo Sàlámátù. Ó ti jókòó sílẹ̀. Jímọ̀ tó ṣáájú ààwẹ̀ yẹn, ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ti wà nínú aṣọ opó nígbà náà.

A sọ gbogbo rẹ̀ fún Lọ́yà Adébímpé. Ó ní sàréè yẹn lè gba Ràbí là, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, tí Ìyá bá dé kóòtù, kí wọ́n sáà sọ pé "wọ́n gbé e wá fún wa," kí wọ́n dákẹ́ síbẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ìkòyí-Ilé. Ìyá Àgbà béèrè bóyá wọ́n á mú òun búra. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú Kùránì. Ó ní, "Ó tán nìyẹn."

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Lọ́yà Àlááji jẹ́ bàbá àgbà kan tó mọ èèyàn fi ṣẹ̀sín dáadáa. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe dìde.

"Ìyá, ẹ kú ìrìn o. Ṣé ẹ ti dé Jọ́ọ̀sì rí?"

"Mi ò débẹ̀ rí."

"Ta ló wá gbé irun yìí fún yín?"

"Ẹni tó ni ín ló gbé e wá."

Ògbufọ̀ tó yẹ kó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì ya ẹnu, ó sì pa á dé. Ó wo adájọ́, obìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Adájọ́ ní kó yí i bó ṣe gbọ́ ọ. Nígbà tó yí i tán, kóòtù bú sẹ́rìn-ín!

"Olúwa mi," lọ́yà bàbá yẹn ń fi wíìgì rẹ̀ ṣeré, "ẹlẹ́rìí tí wọ́n gbára lé ti kú! Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè é wá, kí òun náà wá fọwọ́ lé Kùránì!"

Ẹ̀rín tún pọ̀ sí i. Lọ́yà Adébímpé dorí kodò. Ìyá Àgbà dúró títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tán.

"Tí ẹ bá fẹ́ kó wá, ẹ pè é," ló wí. "Èmi ò ní dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà."

Ẹ̀rín kú. Mo rí Àlááji alára tó yí ọrùn padà wo ilẹ̀kùn. Kí n má tàn yín, èmi náà wò ó!

Adájọ́ sọ pé òun á fi ojú ara òun rí sàréè náà. Nígbà tí ọjọ́ ọ̀hún pé, gbogbo wa tò sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, odindi kóòtù, pẹ̀lú ògbufọ̀ àti ọlọ́pàá. Lọ́yà Àlááji wá sọ ohun tó ti ń mú bọ̀. Ó ní kí wọ́n hú u, kí wọ́n gbé èékánná náà lọ fún àyẹ̀wò DNA pẹ̀lú ti ọmọ náà, kí gbogbo ayé mọ̀ bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀ rárá.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè! Mo ti kà nípa àyẹ̀wò yẹn. Mo mọ̀ pé èékánná máa ń pẹ́ nílẹ̀ kó tó jẹrà, pé wọ́n sì lè rí nǹkan yọ lára rẹ̀. Mo sọ ọ́ sí Ràbí létí pé kó gbà, pé ìyẹn ló máa parí ẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ dákẹ́ ná," ló wí. Ó wá kúnlẹ̀ síwájú adájọ́. "Olúwa mi, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má hú bàbá mi. Tó bá jẹ́ pé àyè Mẹ́díṣìn yẹn á lọ nítorí ẹ̀, kó lọ."

Sàlámátù ń sunkún láìgbóhùn. Gbogbo ọdún tí ọmọ yìí fi kàwé, ó gbé e lé orí sìmẹ́ǹtì kékeré yẹn, ó sì dìde.

Adájọ́ kò sọ pé kí wọ́n hú u, kò sì sọ pé kí wọ́n má hú u. Ó kọjú sí Ìyá Àgbà. "Ìyá, tí àlejò bá kú sílé yín, ibo lẹ ń sin ín sí?"

Ìyá Àgbà mú wa gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Lábẹ́ igi máńgòrò kan, lẹ́yìn ògiri, sàréè kan dá wà. Ó ní Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ ni, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ọ̀dọ̀ àwọn ló gbé títí ó fi darúgbó, àwọn ọmọ ilé ń pè é ní bàbá, bàbá yẹn gan-an ló sì kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́. "Mo sunkún ẹ̀ ju bí mo ṣe sunkún ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ ilé. A ò lè sin ín sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀." Baálé agboolé kejì, tí Àlááji fúnra rẹ̀ pè wá jẹ́rìí, gbà pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní gbogbo ìlú.

Nígbà tí adájọ́ dá ẹjọ́, ó ní kì í ṣe iṣẹ́ kóòtù láti wádìí ẹni tó gbé irun náà wá. Ohun tí kóòtù fẹ́ mọ̀ ni àwọn tó gbà á, àti ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Agboolé tí kò sin ẹni tí wọ́n fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n wá sin Múfútàù síbẹ̀ nígbà tí kò tíì sí ẹjọ́ kankan, ti sọ ẹni tí Múfútàù í ṣe. Ó dá àyè Ràbí padà fún un. Ní ti òfin tó ń ka bàbá tí kì í ka ìyá, ó ní ẹjọ́ yìí kò nílò kí òun fọwọ́ kàn án. Ìyẹn dùn mí o! Ṣùgbọ́n Ràbí forúkọ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Ṣé mo wá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin náà mọ̀ mí! Mo wá nọ́ńbà àáfà tó ṣáájú àwọn tó wẹ òkú Múfútàù ní Jọ́ọ̀sì. Mo rò pé òun ló gé irun náà, pé ọ̀rẹ́ kan ló gbé e wá, pé ojú ti ń ṣe Ìyá Àgbà bàìbàì. Bàbá náà rántí dáadáa. Ó ní àwọn ò fi abẹ kan òkú yẹn, àwọn ò fi àlùmọ́gàjí kàn án. Ó ní irun kún orí rẹ̀ nígbà tí àwọn ń gbé e sínú ilẹ̀. Sàlámátù ní kí n má ṣe pe ẹnikẹ́ni mọ́.

A padà lọ sí Ìkòyí-Ilé láti lọ dúpẹ́. Inú Ìyá Àgbà dùn. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó fa Ràbí lọ́wọ́ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè kékeré yẹn, ó fi ìdí ìgbálẹ̀ fa ilà sórí ilẹ̀, ó fà á yípo.

"Ilé ìwé ti fún ọ ní àyè tiwọn," ló wí. "Èyí ni tiwa. Obìnrin ilé yìí, ibi yòówù kó lọ́kọ sí, ibí ló ń padà sí."

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ló ń fi sàréè rẹ̀ hàn! Ẹ̀rù bà mí, mo fẹ́ fà á jáde. Ràbí kò sá. Ó kọ́kọ́ wo ilà náà, ó wo gígùn ara rẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, mo ga o. Ẹ ṣe é gùn tó èyí tó lè gbà mí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Èmi kọ́ ni mo wọ̀n ọ́n," Ìyá Àgbà dá a lóhùn. "Bàbá rẹ ló fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n fún mi níta lọ́jọ́ yẹn. Ó ní o máa ga."

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Ẹ mú àwọn ọmọ yín délé bàbá wọn nígbà tí ẹsẹ̀ yín ṣì ń rìn. Ẹ má dúró de ìgbà tí òfin á béèrè ẹni tí wọ́n jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ṣe òfin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìyá mọ́ ọn, torí kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ẹnì kan á bá wá tọ́ka ilé.

Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà rí? Ṣé wọ́n ti gba àyè ọmọ yín rí nítorí pé wọn ò mọ ilé bàbá rẹ̀? Ṣé ẹ mọ ẹni tó ní sàréè méjì? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, gbogbo rẹ̀ ni mò ń kà. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì mọ ọkùnrin kan tó rìnrìn àjò láti Jọ́ọ̀sì wá sí Ìkòyí-Ilé ní ọjọ́ Jímọ̀ kan kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, tó gbé ìdì kékeré kan dání, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè sọ fún mi. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé èèyàn alààyè ni.